Ọkọ̀ Fúyẹ́, Ẹrù Wúwo: Ìtàn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Fádèyí, ní òpópónà Ìkòròdú, fún wákàtí kan péré, yóò rí ọkọ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Toyota àti Honda láti Japan yóò kọjá. Mercedes-Benz àti Volkswagen láti Jámánì yóò tẹ̀ lé wọn. Peugeot láti Faransé, Hyundai láti Kòríà, Ford láti Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ni yóò gba ibẹ̀ lọ sí Onípànù tàbí Jíbówú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa là ń gùn wọ́n, àwa náà là ń tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá bi bàbá rẹ̀ léèrè pé, "Bàbá mi, èwo ló jẹ́ tiwa nínú gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí?" ẹnu bàbá á kọ́kọ́ wúwo kó tó dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ṣe irú èyí tó kéré, tó fúyẹ́, tó sì yá nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń sá eré ìje ní ilẹ̀ òyìnbó. Ìtàn wọn kò gùn, wọn kò sì pọ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn náà, kí n sì wádìí ohun tó fà á tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń dé lónìí tí a kì í sì í rí i lọ́la. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìlóye ló ń pa á. Ohun tó ń pa á ni pé ìmọ̀ rẹ̀ kì í ní ẹ̀dà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà, nínú ìwé kan ṣoṣo, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ náà parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń mú ọkọ̀ sáré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ wo ọmọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí wọ́n ń sáré láti Fádèyí lọ sí Onípànù. Ọ̀kan ru àpò ìrẹsì, èkejì kò ru nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Bí ara ọkọ̀ bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré á gbé e sáré. Bíréékì á tètè dá a dúró. Kò ní mu epo púpọ̀, táyà rẹ̀ kò sì ní tètè jẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ọgbọ́n yìí di iṣẹ́ ni Colin Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1948, ó mú ògbólógbòó ọkọ̀ Austin Seven kan, ó tú u palẹ̀, ó sì tún un kàn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ eré ìje nínú gáréèjì kékeré kan ní àríwá London. Ní ọdún 1952, ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀. Ní ọdún 1957, ó gbé ọkọ̀ kan jáde tó pè ní Lotus Seven. Egungun ọkọ̀ náà jẹ́ páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀, wọ́n sì fi páànù alumíníọ̀mù bò ó. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 500 kìló, nígbà tí Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá tó nǹkan bíi 800 kìló. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Seven àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ẹ́ńjìnnì Ford tí wọ́n fi ń gbé ẹbí kiri ni, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 40 lọ. Nítorí pé owó orí wà lórí ọkọ̀ tí a ti tò tán, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó ra tirẹ̀ ní ègé-ègé, tí wọ́n sì lọ tò ó pọ̀ fúnra wọn nílé.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba èyí ni pé irú ọkọ̀ yìí ni ilẹ̀kùn tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè gbà wọlé. Láti fi páànù irin ṣe ara ọkọ̀ bíi Toyota, ẹ̀rọ ńlá ló ń tẹ irin náà sínú mọ́ọ̀dù, owó mọ́ọ̀dù náà sì pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá ní ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kò lè rí owó rẹ̀ padà. Ọkọ̀ fúyẹ́ kò nílò gbogbo ìyẹn. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè jó egungun rẹ̀. Fáíbà ni a lè fi ṣe ara rẹ̀: a ó tẹ́ aṣọ fáíbà sínú mọ́ọ̀dù, a ó da oje kẹ́míkà sí i, a ó jẹ́ kó gan, a ó sì yọ ọ́. Bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń gba ìrísí agolo tí a sè é sí, bẹ́ẹ̀ ni fáíbà ń gba ìrísí mọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí ẹni náà bá ta ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ péré, ó lè máà pàdánù.

Ní ti ká kan ara ọkọ̀, àwa ní Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa àgbà rántí bọ́lẹ̀kájà. Ẹ́ńjìnnì àti ṣásí Bedford ló ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán sì ń kọ òwe àti àdúrà sí i lára. Lẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà ni mọ́lúè. Orí ṣásí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 ni àwọn wẹ́dà àti àwọn panẹ́ẹ̀bítà wa ti ń kàn án. Wọ́n á tẹ páànù, wọ́n á jó irin àga mọ́lẹ̀, wọ́n á ya ojú fèrèsé, wọ́n á sì kùn ún ní yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mọ́lúè fi gbé àwọn òṣìṣẹ́ Ṣómólú, Bàrígà àti Mushin lọ sí Erékùṣù Èkó. Ẹni tó bá fi mọ́lúè ṣẹ̀sín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jayé, nítorí ọkọ̀ náà há, ooru inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká rántí pé ọwọ́ wa ló ṣe é.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 gba Fádèyí lọ sí CMS. Ìrìn-àjò rọrùn sí i, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba ìgbà tí mọ́lúè ń kúrò lójú pópó, ìmọ̀ àwọn tó ń kàn án ń bá a lọ. Orí ni àwọn panẹ́ẹ̀bítà wọ̀nyẹn fi ń wọn irin, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ọmọṣẹ́ wọn sì ń fi ojú kọ́ ọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ya sórí ìwé.

Ìjọba náà gbìyànjú lọ́nà tirẹ̀. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀. Síbẹ̀, títò ni wọ́n ń tò ó. Ègé-ègé ọkọ̀ náà ń wọlé láti òkèèrè nínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ wa sì ń so wọ́n pọ̀. Àwòrán rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ìdí tí a fi tẹ irin kan báyìí tí a kò tẹ ìkejì bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ní òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó ń bá ni se ọbẹ̀ láìmọ iye iyọ̀ tí wọ́n fi sí i kò tíì mọ ọbẹ̀ náà sè.

Ẹni tó fẹ́ mọ ọbẹ̀ náà sè látòkè délẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Ezekiel Izuogu. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ní iléèwé gíga Federal Polytechnic, Nekede, nítòsí Owerri ní ìpínlẹ̀ Imo. Ní ọdún 1997, ó gbé ọkọ̀ kan jáde tó pè ní Z-600. Kì í ṣe ara ọkọ̀ nìkan ló ṣe. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló rọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8. Ìdá 90 nínú 100 ohun èlò rẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ilẹ̀ yìí jáde. Ó lè sá eré tó kìlómítà 140 ní wákàtí kan. Owó tí Izuogu ní lọ́kàn láti máa tà á kò ju 2,000 dọ́là lọ.

Ohun kan wà nínú ọkọ̀ náà tó wù mí púpọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ni Izuogu jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìdí ni pé bí agbára bá fẹ́ dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀pá gígùn gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, a ó sì ní láti tẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ sókè bí ihò kí ọ̀pá náà lè ráàyè. Ìyẹn á fi kún owó iṣẹ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹni tó kàn ń da ọkọ̀ òyìnbó kọ ni. Ó jókòó, ó ṣírò ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó sì gba ibi tó rọrùn. Òótọ́ ni pé Z-600 kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje, epo tó ń mu sì pọ̀, nítorí kò rìn ju máìlì 18 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n àkọ́ṣe ni, àkọ́ṣe kì í sì í pé.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà hàn, ayẹyẹ ńlá ni. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 wá wò ó. Ọ̀gágun Oládiípọ̀ Diya, ọmọ Odógbolú tó jẹ́ igbákejì Ọ̀gágun Sani Abacha nígbà náà, ló ṣojú olórí ìjọba. Ìjọba yan àwọn ẹlẹ́rọ 12 láti yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n sì ṣèlérí 235 mílíọ̀nù náírà láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó náà kò dé. Kí ọdún 1997 yẹn tó parí, wọ́n ti mú Diya fúnra rẹ̀ sátìmọ́lé lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ gba ìjọba. Abacha kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ìjọba lọ, ìjọba dé, Z-600 sì dúró síbi tó wà.

Izuogu kò jáwọ́. Ní ọdún 2005, ó lọ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè South Africa, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2006, nǹkan bí agogo méjì, àwọn adigunjalè bíi méjìlá ya wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Naze. Wọ́n kó mọ́ọ̀dù tó fi ń rọ ẹ́ńjìnnì lọ. Wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kọ gbogbo ìtàn ìṣẹ̀dá Z-600 sí, àti fáìlì tó ní ètò bí wọn yóò ṣe máa ṣe ọkọ̀ náà lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dúró síbí yìí kí ẹ rò ó. Ẹ̀rọ ṣeé tún rà. Irin ṣeé tún yọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tó wà nínú ìwé kan ṣoṣo, ta ni yóò tún un kọ? Láti òru ọjọ́ náà, a kò tún gbọ́ pé Z-600 jáde sí títì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Lotus Seven, ká fi wé ara wọn. Chapman náà rẹ̀wẹ̀sì lórí ọkọ̀ yẹn; ó fẹ́ máa ṣe ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye. Ní ọdún 1973, ó gbé ẹ̀tọ́ Seven fún Caterham, ilé-iṣẹ́ kan tó ti ń bá a tà á. Caterham gba ẹ̀tọ́ náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Chapman kú ní ọdún 1982. Ọkọ̀ rẹ̀ kò kú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lotus Seven ní ọmọ. Z-600 kò ní.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn, kò lè ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti South Africa, Bob van Niekerk àti Willie Meissner, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ fáíbà. Ọ̀rẹ́ wọn kan, Verster de Witt, bá wọn ya ìrísí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí Cape Town, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ GSM sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ eré ìje kékeré kan tó ń jẹ́ Dart ní ọdún 1958. Wọn kò dà á láàmú láti rọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ra ti Ford tó wà lójà, wọ́n gbé e sórí egungun irin, wọ́n sì fi fáíbà bò ó. Ní ọdún 1960, van Niekerk gbé ọkọ̀ náà padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ipò kìíní ní pápá eré ìje Brands Hatch, níwájú àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Dart 116 ni wọ́n ṣe ní Cape Town. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣe ọkọ̀ onílé Flamingo 128. Ní Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe 35 mìíràn tí wọ́n pè ní Delta. Lẹ́yìn náà, owó wọn tán, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé láàárín àwọn ọdún 1960. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà nìyẹn, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣì wúlò fún wa. Izuogu fẹ́ ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ́ńjìnnì, ara, ètò ọ̀pọ̀ yanturu. Ìgbéraga tó dára ni, ẹrù náà sì wúwo fún ẹnì kan. Àwọn ará Cape Town ṣe ìwọ̀nba tí ọwọ́ wọn ká, wọ́n ra ìyókù. Àwọn Dart tó ṣẹ́kù ṣì ń sáré níbi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ lónìí.

Láti ọjọ́ Izuogu, àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà kejì yìí. Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, mú ògbólógbòó Volkswagen Ìjàpá kan, ó yọ ẹ́ńjìnnì epo rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn. Ó to páànẹ́ẹ̀lì oòrùn sí orí rẹ̀, ó fi abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí síwájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ jẹ́ àlòkù tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Owó tó ná kò tó 6,000 dọ́là.

Ní ìtòsí wa níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka ti kan ọkọ̀ fúyẹ́ tí wọ́n pè ní AutoNOV, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shell ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1939, nígbà tí wọ́n ta ara wọn láyò pé ta ni yóò rìn jìnnà jù lọ lórí ìwọ̀n epo kan náà. Ẹni tó sáré jù kọ́ ló ń borí níbẹ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ gbé lọ jìnnà jù ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ fi ń fúyẹ́ bí ẹ̀yẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yọ kìló kan kúrò lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí Chapman mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bennie Purrie dé ní ọdún 2019. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Jos, Jerry Isaac Mallo, ló ṣe é. Ọkọ̀ eré ìje gan-an ni, ó rẹlẹ̀, ó ṣẹ́nu gọnbu bí ẹja. Fáíbà kábọ́ọ̀nù ni ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ìgbàlódé: okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí aṣọ òfì, tí wọ́n sì fi oje gan pọ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó lágbára ju irin lọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà bo gbogbo ayé, tí àwọn ilé ìwòsàn ń wá ẹ̀rọ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí, Mallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n sì ṣe irú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó rò pé ohun ìṣeré lásán ni ọkọ̀ eré ìje, kó wo èyí. Ọwọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun tó fúyẹ́ tó sì lágbára lè ṣe ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Mo mọ ìbéèrè tí òbí kan yóò bi mí. Yóò ní, "Ọmọ mi, èèyàn ń jìjàdù láti wọ dáńfó ní Fádèyí láràárọ̀, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ onìjókòó méjì. Ta ni yóò gùn ún? Títì wo ni yóò gbà?" Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kó fi ikùn gbá kòtò. Síbẹ̀, ìdáhùn mi ni pé ilé-ìwé ni ọkọ̀ kékeré jẹ́. Ẹni tó bá ṣe ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kékeré ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán, bí a ṣe ń díwọ̀n, bí a ṣe ń dán bíréékì wò, bí a ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà. Ohun tó kọ́ yìí ni yóò fi ṣe dáńfó tó dára, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lo iná, tàbí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Kò sí ẹni tó ń ti inú oyún bọ́ sórí eré sísá.

Àdúgbò wa yìí ní ohun tó lè fi kún un. Gbogbo Èkó ló mọ Ṣómólú sí ibi ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé, kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ìkésíni, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí. Iṣẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé ni pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe wà ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ nílẹ̀ yìí kò rí gbà. Ká ní ìwé àkọsílẹ̀ Izuogu wà ní ẹ̀dà mẹ́wàá, ọ̀kan ní Nekede, ọ̀kan ní Akọka, ọ̀kan ní Yaba Tech, ọ̀kan ní ibi ìkówèésí ìjọba, adigunjalè méjìlá ì bá kó irin lọ, wọn kì bá kó ìmọ̀ lọ.

Àtẹ̀yìnwá ni pé wẹ́dà àti panẹ́ẹ̀bítà tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ títì wa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ ìṣirò rẹ̀ wà ní Akọka, ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò sì jìn. Ẹ jẹ́ kí iléèwé girama pe panẹ́ẹ̀bítà wá sí kíláàsì, kí ó fi bí a ṣe ń tẹ páànù han àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ sì ya ohun tí wọ́n rí sórí ìwé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tó bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ gba ìwé àwòrán iṣẹ́ pẹ̀lú àdúrà. Ẹ jẹ́ kí yunifásítì tó bá ṣe ọkọ̀ kan fi gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbi tí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lè rí i kà, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní ọdọọdún. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Àwọn tí mo sọ ìtàn wọn yìí ti fi hàn pé a lè ṣe é. Izuogu rọ ẹ́ńjìnnì. Oyèyíọlá sọ ìjàpá di ọmọ oòrùn. Mallo hun ọkọ̀ bí ẹni hun aṣọ. Ohun tó kù fún wa ni ká rí i dájú pé iṣẹ́ ẹni tó bá tún dìde lọ́la kò ní wà ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ó lè di ohun tí ẹlòmíràn á gbà, tí yóò tún ṣe, tí yóò sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.